Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé Lọ́ńdọ̀nù ò ní òtútù

Àbúrò mi tó wà ní Chicago tún ti bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí láàárọ̀ yìí. Mo ní òtútù ń mú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyẹn lẹ̀ ń pè ní òtútù?" Ló bá fi fọ́tò ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 2019 ránṣẹ́, ọjọ́ tí tiwọn lọ sí dígírì 31 nísàlẹ̀ òdo. Gbogbo ẹbí ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi.

Mo gbà pé tiwọn le jù. Lọ́ńdọ̀nù ló wà lápá àríwá jù nínú máàpù, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun Atlantic bọ̀ kì í jẹ́ kí tiwa gan paali. Ti Chicago, láti Canada ló ti ń fẹ́ bọ̀, kò sí òkun kankan lójú ọ̀nà. Ó dáa. Ṣé ìta là ń sùn ni?

Oṣù Kejìlá ni màmá wa wá sọ́dọ̀ mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Aago mẹ́rin ò tíì lù, oòrùn ti wọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé òjò ló ṣú ni?" Mo ní ilẹ̀ ló ṣú, Mà. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Ògiri yàrá tí wọ́n ń sùn ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, omi ń ṣàn lójú fèrèsé. Mo pe onílé títí, ó ní ká máa ṣí fèrèsé. Nínú òtútù yẹn! Mítà gáàsì wa, àfi kéèyàn kọ́kọ́ sanwó sí i. Lóru ọjọ́ kan owó tán, hítà kú. Mo bá màmá mi lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú kóòtù àti gèlè, wọ́n ká jọ bí ọmọdé. Wọ́n ní, "Kò ṣe mí ní nǹkan kan, lọ sùn." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ní Chicago, òfin ìlú de onílé tó bá jẹ́ pé òun ló ń pèsè hítà: láti 15 oṣù Kẹsàn-án títí di 1 oṣù Kẹfà, ilé gbọ́dọ̀ gbóná tó dígírì 20 lọ́sàn-án. Nígbà tí màmá wa débẹ̀ lóṣù Kìíní, ìró àti bùbá lásán ni wọ́n ń wọ̀ nínú ilé. Ẹ wá sọ fún mi, ìlú wo ló tutù?

Mo pe màmá wa ní Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n lè gbè mí. Wọ́n ní lóòótọ́, àwọ́n sùn dáadáa lọ́dọ̀ àbúrò mi. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko làwọn fi jókòó ti fèrèsé tí àwọ́n ń wo yìnyín, ẹsẹ̀ àwọn ò kan ilẹ̀ ìta. Lọ́dọ̀ mi, a jọ ń rìn lọ sí òpópónà ọjà Rye Lane, àwọ́n ń ra ẹ̀fọ́, àwọ́n ń kí èèyàn.

Mo ti kọ èsì gígùn sílẹ̀ fún àbúrò mi. Mi ò tíì fi ránṣẹ́.