Wọ́n sún ọjọ́ síwájú, àrùn ìgbàgbé kò dúró dè wọ́n

Àwọn aláṣẹ ìlera àgbáyé ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé àwọn ò tíì ṣetán. A ò rí ìtumọ̀ mìíràn tí a lè fún ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Geneva lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí wọ́n sún ètò àgbáyé lórí àrùn ìgbàgbé (dementia) tó yẹ kó parí lọ́dún náà di 2031. Ọdún mẹ́fà gbáko. Ìyá tó ṣì ń dá ohùn ọmọ rẹ̀ mọ̀ lórí fóònù lónìí lè má mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ kí ọdún mẹ́fà yẹn tó pé.

A ò ní kí wọ́n pa ètò náà rẹ́ o. Ó sàn kí wọ́n sún un ju kó kú lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2017, ìlérí wọn ni pé tó bá fi máa di 2025, mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn orílẹ̀-èdè á ti ní ètò tiwọn. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ka iye tó ṣe é lọ́dún 2021, kò ju nǹkan bí ọ̀kan nínú mẹ́rin lọ. A ò tíì sọ ti ilé tí wọ́n máa kọ́ tàbí owó tí wọ́n máa ná. Ìwé ni a ní kí wọ́n kọ, wọn ò kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ àrùn yìí ń mú èèyàn tuntun tó sún mọ́ mílíọ̀nù 10 lọ́dọọdún.

Ohun tí a ti ń wí bọ̀ la tún máa wí: ọmọ tó gbé òbí rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú kò pa á tì. A mọ òwe òkété dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi òwe náà na ọmọ ọlọ́mọ, kó kọ́kọ́ wá sùn nínú ilé tí ọmọ náà ti ń tọ́jú òbí rẹ̀ fún òru kan. Aago méjì òru, Màmá ti wọ bàtà, wọ́n ti di aṣọ sínú àpò ìrọ̀rí, wọ́n ń fa ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé, ìyá àwọn ń retí àwọn. Ìyá wọn ọ̀hún ti kú láti ogójì ọdún. Ọmọ wọn, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn ọwọ́ kó tó sùn, gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́ láago mẹ́jọ. Bó bá ní "Màmá, ìyá yín ti kú", wọ́n á bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, lóru ọjọ́ kejì wọ́n á tún di ẹrù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lójúmọ́, pé àwọn obìnrin ló sì ń ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iṣẹ́ náà. Nínú ẹbí púpọ̀, ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n má gbé Màmá lọ kọ́ ló ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn.

Ibi tó ti wá ń bí wa nínú nìyí. Nígbà tí ọmọ yìí bá gbà pé agbára òun ti pin, kí ló ń bá lẹ́nu ọ̀nà? Níbi tí òfin ò bá ti sọ ohun tí ilé ìtọ́jú àrùn ìgbàgbé jẹ́, ẹni tó bá ní yàrá àti bẹ́ẹ̀dì lè kọ orúkọ náà sára pátákó. Wọ́n á fi yàrá tó mọ́ hàn án, wọ́n á fi ọgbà hàn án. Iye òṣìṣẹ́ tó máa wà lójúfò láago méjì òru, wọn ò ní sọ, bẹ́ẹ̀ nítorí òru ló ṣe wá.

Ti oògùn tún wà níbẹ̀. Arúgbó tó ń pariwo tàbí tó ń rìn káàkiri lè jẹ́ pé inú ló ń run ún tí kò lè sọ, ó lè jẹ́ òùngbẹ, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ń ta á. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á kọ́kọ́ wádìí ìyẹn. Bí Màmá bá sì ní ìyá àwọn ń retí àwọn, kò ní bá wọn jiyàn, á jókòó tì wọ́n, á ní "Màmá, ẹ sọ ìtàn ìyá yín fún mi." Èyí tí wọn ò kọ́ á wá oògùn tó máa mú wọn jókòó jẹ́ẹ́, oògùn tí wọ́n ṣe fún àrùn ọpọlọ mìíràn. Láti 2005 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú oògùn bẹ́ẹ̀ pé ó ń dá kún ikú àwọn arúgbó tó ní àrùn ìgbàgbé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí ìjọba Ọsirélíà gbé ìjábọ̀ wọn àkọ́kọ́ jáde lórí ìtọ́jú arúgbó lọ́dún 2019, àṣejù irú oògùn yìí wà lára ohun tí wọ́n ní kí ìjọba tètè wá nǹkan ṣe sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe àkọlé ìjábọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Ìpatì. Ètò ìtọ́jú ni wọ́n fi ń bá wí, kì í ṣe àwọn ọmọ.

Kí wá ni ẹ̀yin aláṣẹ ń dúró dè? Ẹ ṣòfin pé kò sẹ́ni tó máa lo orúkọ "ilé ìtọ́jú àrùn ìgbàgbé" láìkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn. Ẹ jẹ́ kí ẹbí lè ka ìwé tí wọ́n ń kọ oògùn sí nígbàkigbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹ rán àwọn olùbẹ̀wò yín lọ lóru láìsọ fún ẹnikẹ́ni, torí àbẹ̀wò tí wọ́n ti fi ìwé ránṣẹ́ sílé náà ṣáájú, àlejò ni wọ́n lọ ṣe. Ẹ má sì fi "wọ́n ń ṣarán ni" dá wa lóhùn mọ́. Àìsàn ni, ogbó lásán kọ́.

Èwo ló nílò ìpàdé Geneva mìíràn nínú ìwọ̀nyí? Iye òṣìṣẹ́ òru, nọ́ńbà kan péré ni. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọ tó gbé àpò Màmá rẹ̀ dání lè kà á kó tó wọlé.