Àtúnṣe: ohun tí a fi ṣe anode ló ń yí èsì padà

Ẹni tó kọ ọ́ pé “irin yòówù kí ẹ tì bọ inú omi copper sulphate, èsì kan náà ni iná yóò mú jáde” ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ní cathode, ìyẹn ọ̀pá tí a so mọ́ ẹnu (−) bátìrì, bàbà inú omi náà ni yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́, nítorí iyọ̀ bàbà ni copper sulphate. Anode, ìyẹn ọ̀pá tí a so mọ́ ẹnu (+), ni ọ̀rọ̀ wà.

Bí anode bá jẹ́ bàbà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa yòrò. Ìwọ̀n tó ń dín lára rẹ̀ ló ń kún ara cathode, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ búlúù omi náà kì í fi í ṣá. Iná 0.5 A (ampere) fún ìṣẹ́jú 30 ń kó bàbà tó tó gíráàmù 0.3 kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ platinum (irin olówó iyebíye kan) tàbí kábọ́nù, kò sí bàbà tí yóò yòrò: ọ́síjìn ni yóò máa hó jáde, àwọ̀ á máa ṣá, omi náà á sì máa di sulphuric acid díẹ̀díẹ̀. Kábọ́nù tún máa ń rún sínú omi. Ẹ má ṣe ka ìdọ̀tí dúdú yẹn sí bàbà.

Ìṣó irin lásán tiẹ̀ burú jù. Kí ẹ tó tan iná rárá, bàbà á ti bò ó, nítorí irin máa ń lé bàbà kúrò nínú omi yìí. Bẹ́ẹ̀ bàbà náà kì í dì mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi aṣọ nù ún, á ṣí.

Bí ó bá ṣe omi iyọ̀ ni, ẹ má fi irin tí kì í dípẹtà ṣe anode: chromium inú rẹ̀ lè jáde di májèlé.