Ẹ lu ẹlẹ́dẹ̀ tán, ẹ tún fẹ́ gbowó yín padà

Ẹni tó bá tún sọ lójú mi pé àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìwádìí lórí ìrọ̀rùn ẹlẹ́dẹ̀ ò ríṣẹ́ ṣe ni, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á o. (Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹran yìí sétí, ẹ má bínú, ẹ rọra kọjá, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹ́.)

Àbúrò màmá mi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ l'Ómù-Àrán. Oníbàárà ẹ̀ kan wà tó máa ń wá kó ẹran láti Ìlọrin, tó ń já a fún àwọn tó ń dín in. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pe Àǹtí, ó ní ẹran tóun kó gbẹ̀yìn, omi ló kún inú ẹ̀, ó funfun bí ẹran tí wọ́n ti bọ̀, bó ṣe wọnú epo báyìí ló sún kì, àwọn tó tà á fún sì ti dá a padà. Ó ní kí Àǹtí dá owó òun padà, pé ó dájú pé ògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yẹn kí wọ́n lè tètè sanra. Ògùn kẹ̀! Èèpo pákí àti èérí ògì lobìnrin yìí fi ń bọ́ wọn.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá kó wọn o. Ọ̀sán gangan, oòrùn mú. Àwọn ọmọkùnrin tó kó wá, ọ̀kan fa etí, ọ̀kan fa ìrù, ẹ̀kẹta ń fi pọ́ńpọ́ lù ú nídìí, igbe ẹ̀ dé títì. Wọ́n fi rọ́bà di ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, wọ́n wá kó mẹ́ta léra wọn sínú búùtù Golf. Ẹlẹ́dẹ̀ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn, tó jẹ́ pé ẹrọ̀fọ̀ ló fi ń tu ara ẹ̀ lára! Kí wọ́n tó ti búùtù, awọ ọ̀kan ti pọ́n kánkàn-kánkàn, ó ń yọ ìfòfó lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe dé Ìlọrin báyìí, ọ̀bẹ ló kàn, kò sí omi, kò sí ìsinmi.

Ohun táwọn onímọ̀ ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ò le rárá. Ṣúgà kan wà tí ara ẹran máa ń kó pamọ́ sínú iṣan. Tí wọ́n bá pa ẹlẹ́dẹ̀ tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀, ṣúgà yẹn á rọra máa di ásíìdì, pH ẹran (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó, bó bá ṣe ń wálẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i) á ti nǹkan bíi 7 wálẹ̀ sí nǹkan bíi 5.6 láàárín wákàtí mélòó kan, nígbà yẹn ẹran ti tutù. Àmọ́ èyí tí wọ́n lé, tí wọ́n lù, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ títí dé ẹnu ọ̀bẹ, kíá ni tiẹ̀ ń di ásíìdì, pH á ti lọ sísàlẹ̀ 6 kí ìṣẹ́jú 45 tó pé, ẹran ṣì gbóná, ásíìdì àti ooru á wá jọ ba pùrótíìnì inú ẹ̀ jẹ́, kò ní lè di omi mú mọ́. Omi tó ń ro tótó lórí tábìlì nìyẹn. PSE ni wọ́n ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀, ìkékúrú ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ìyẹn ẹran tó funfun, tó rọ̀, tó ń ro omi. Èyí tí wọ́n bá sì fìyà jẹ pẹ́ gan-an kí wọ́n tó pa á, ṣúgà ẹ̀ á ti tán, tiẹ̀ á dúdú, á gbẹ, á sì tètè bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní àjogúnbá ni. Lóòótọ́, ó wà nínú ìran àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kan, irú Pietrain ti ilẹ̀ Belgium, 1991 ni wọ́n rí ibi tí àbùkù yẹn wà nínú jíìnì wọn. Ẹ wá fi Pietrain hàn mí nínú ti Àǹtí mi.

Èmi fúnra mi gba fóònù. Mo ní bọ̀dá, ẹ má fún wọn lóúnjẹ láti alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ pa wọ́n, omi nìkan, ẹ kó wọn ní ìdájí tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ má lù wọ́n, tí ẹ bá dé Ìlọrin ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi bíi wákàtí méjì, ẹ da omi sí wọn lára. Mo rò pé ó máa bú mi ni. Kò bú mi. Ó ní, "Àbúrò, mo gbọ́. Ìdájí tó o ní kí n máa kó wọn yẹn, ṣé ọ̀nà táwọn ajínigbé ń dá èèyàn lọ́nà yìí lo ní kí n máa rìn kílẹ̀ tó mọ́? Àti ìsinmi wákàtí méjì, àdúgbò wo n'Ílọrin ló máa jẹ́ kí n so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀ kó máa sinmi?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Mo bi í léèrè pọ́ńpọ́, òun náà ò rí nǹkan sọ.

Àǹtí ti ní òun máa fi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan bẹ̀ ẹ́, torí oníbàárà yìí nìkan ló ń sanwó lọ́wọ́ lọ́wọ́. Inú ń bí mi, mo ṣì ní kò yẹ kó fún un ní nǹkan kan, torí kò sí ajínigbé tó ní kí wọ́n máa lu ẹran. Ti ọ̀nà yẹn ni mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹran gba Àjàṣẹ́ Ìpo, aago mélòó lẹ̀yin ń gbéra?