Ohùn Pẹ̀lẹ́ Ní Í Yọ Obì Lápò

Àwọn àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹ tún un pè, kí ẹ sì fetí sí ìparí gbólóhùn méjèèjì. Àpò ni ilé obì, apó ni ilé ọfà. Àmì ohùn lásán ló yà wọ́n. Ẹni tó dá òwe yìí sílẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ọ̀rọ̀ kan náà, lẹ́nu ẹnì kan náà, lè mú kí ẹni tó gbọ́ ọ ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì lè mú kó ti ọwọ́ bọ apó.

Àwa Kristẹni Yorùbá tí iṣẹ́ àti òwò kó wá sí Àbújá, Kàdúná, Kánò àti Jọ́ọ̀sì, a nílò òwe yìí ju àwọn ará ilé lọ. Pé ká wàásù kò ní àríyànjiyàn nínú. Jésù ní ká lọ (Mátíù 28:19), ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ ka àṣẹ náà sí gbèsè tí ẹnu lásán lè san: "Mo ti sọ tèmi, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò sí lọ́rùn mi mọ́." Bẹ́ẹ̀ ẹni tí a sọ ọ́ fún kò gbọ́ nǹkan kan. Nínú 1 Pétérù 3:15, àpọ́sítélì ní ká múra tán láti dá ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè ìrètí tó wà nínú wa lóhùn, ó sì fi kún un pé pẹ̀lú ọkàn tútù àti ìbẹ̀rù. Oníwàásù púpọ̀ mọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ yẹn lórí, wọ́n fi ọkàn tútù sílẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ wo wàásù inú ọkọ̀. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, bọ́ọ̀sì ti kún ní Mararaba, ó ń lọ sí ìgboro Àbújá. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ gba iṣẹ́ wà níbẹ̀, màígádì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sùn wà níbẹ̀. Oníwàásù dìde lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóhùn sókè. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya mú wọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì, ọ̀rọ̀ tó mú wá sì ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ Jésù bá ti tán lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀sìn ẹlòmíràn ló kàn. Èrò kò lè bọ́ sílẹ̀, kò lè bèèrè, kò lè fèsì. Ọwọ́ ń wọ inú apó díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ dandan kí ẹ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ awakọ̀ àti èrò, ẹ ka ẹsẹ kan, ẹ lo ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ sí i yóò bi yín nígbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sì gba kọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ì báà jẹ́ owó ọkọ̀.

Ibi tí iṣẹ́ náà wà gan-an ni ẹnu ọ̀nà wa. Mẹ́ruwà, ẹni tó ń ta omi, tó ń ti ọmọlanke gba àdúgbò yín kọjá ní Kubwa tàbí Lugbe, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló sábà ń tò sí i, lítà 25 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwúwo omi náà tó 250 kìlógíráàmù, orí ilẹ̀ pàlàpálà ló sì ń tì í gbà. A ti ń pè é ní "Àbókì" láti ọdún mẹ́ta, a ò mọ orúkọ rẹ̀. A ń yọ náírà mẹ́wàá kúrò nínú owó omi rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, a na ìwé ìléwọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí i, èdè tí kò lè kà. A wá ní a ti jẹ́rìí.

Ẹ ka Jòhánù orí kẹrin. Ó rẹ Jésù, ó jókòó létí kànga lọ́sàn-án gangan, ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde sí obìnrin ará Samáríà náà ni pé kó fún òun lómi mu. Ó tọrọ kí ó tó fúnni. Ẹ bèèrè orúkọ mẹ́ruwà yín. Ẹ kí i ní Haúsá, "Sannu da aiki" (ẹ kú iṣẹ́), kí ẹ bi í, "Ina gajiya?" (àárẹ̀ ńkọ́?), yóò ní, "Ba gajiya" (kò sí àárẹ̀). Ẹ san owó omi rẹ̀ pé. Ẹ fi ife omi tútù lé e lọ́wọ́, torí òǹgbẹ ń gbẹ ẹni tó ń ta omi. Ẹ jẹ́ kó fara pamọ́ fún oòrùn lábẹ́ òrùlé yín díẹ̀. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan, kó tó bi yín pé kí ló dé tí ẹ̀ ń ṣe báyìí sí òun. Ìbéèrè tí Pétérù wí nìyẹn. Ọjọ́ yẹn ni kí ẹ lanu.

Kí ni ẹ óò wá sọ? Ẹ̀rí yín kò gbọ́dọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà àkọ́kọ́: bí ayé yín ṣe rí, ohun tí Krístì ṣe, bí ó ṣe rí nísinsìnyí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kà á sókè nílé, kí ẹ yọ gbogbo ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kúrò nínú rẹ̀. "A fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ mí," "mo wà lábẹ́ ìfòróróyàn," ẹni tó wà lóde kò mọ ohun tí a ń wí. Àbùmọ́ ló ń ba ẹ̀rí jẹ́ jù, torí aládùúgbò ń rí wa lójoojúmọ́. Tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé Máàkù pẹ̀lú rẹ̀. Orí 16 ni. Orí kan lọ́sẹ̀, oṣù mẹ́rin ni. Ẹ ka ti Haúsá fún Haúsá: odindi Bíbélì ti wà ní èdè wọn láti 1932. Tí kò bá mọ̀wé, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lórí fóònù.

Mùsùlùmí ti mọ Jésù kí ẹ tó dé. Annabi Isa ló ń pè é, ó gbà pé wúńdíá ló bí i, súrà kan sì ń jẹ́ orúkọ Màríà nínú Kùránì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn pẹ̀lẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ di àbùlà o. Tó bá kan àgbélébùú, tó bá kan Ọmọ Ọlọ́run, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ má fi pamọ́. Obì tí Haúsá ń pè ní goro náà ń korò lẹ́nu, síbẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́ tó mu omi lé e mọ bí omi náà ṣe ń dùn. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣóògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, mọ èyí. Nígbà tó dé iwájú Ẹ́mírì Ìlọrin, Bíbélì Yorùbá ló ń ṣí láti fi dáhùn ìbéèrè wọn, kò bá wọn jà.

Nǹkan kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ bá ara wa sọ. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wá sí ọ̀pọ̀ ìlú òkè Ọya. Inú ẹrù ọjà ni ìhìnrere gbà wọ̀lú. Iṣẹ́ ribiribi ni. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìjọ wa níhìn-ín ń sin ní Yorùbá nìkan títí dòní, aládùúgbò tó bá yà wọlé kò ní gbọ́ ju "Àmín" lọ. Ẹ wá ògbufọ̀ kan, ẹ fi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àlejò.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 38, fún olúkúlùkù ní òmìnira láti tan ẹ̀sìn rẹ̀ kálẹ̀ àti láti yí ẹ̀sìn padà. Ó fún ẹnì kejì náà ní òmìnira láti kọ̀. Ní Kàdúná, òfin tó ń darí wàásù ti wà láti 1984, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó gbé gbohùngbohùn síta. Ẹ má sọ ìrẹsì tàbí iṣẹ́ di owó orí ìgbàgbọ́. Ẹ má kọ́ ọmọ almajiri tàbí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn òbí rẹ̀. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀sìn lọ ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ́rùn; ẹni tó ń bẹ̀rù oúnjẹ rẹ̀ yóò gbà fún yín, kò gba Krístì.

Bí ẹnì kan láti ilé Mùsùlùmí bá wá gbà gbọ́, ibẹ̀ ni ìkánjú wa ti ń pa ènìyàn lára. A óò gbé e sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú, a óò ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò yóò dé WhatsApp, lálẹ́ ọjọ́ náà yóò dé ilé bàbá rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ yan ìgbà tí yóò sọ fún ilé, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta máa bá a ka Bíbélì ní ìdákẹ́jẹ́, kí a sì fara balẹ̀ lórí ìtẹ̀bọmi rẹ̀. Ẹ má fà á kúrò nílé rẹ̀ àyàfi tí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà nínú ewu. Tí Iléyá bá sì dé, ẹ rán an lọ kí ìyá rẹ̀, kó má lọ lọ́wọ́ òfìfo.