Kí owó tó dé, ẹ kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ ná

Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ní ìjọba fẹ́ fún àgbẹ̀ lówó ìrànwọ́, ohun témi kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, àgbẹ̀ wo?

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Owó irè oko já wálẹ̀, ìnáwó oko ò dín, ìjọba wọn wá yọ bílíọ̀nù 10 dọ́là sílẹ̀ níparí 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní 2025. Éékà àgbàdo kan, dọ́là 42.91. Sóyà, 29.76. Òwú, 84.74. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé lọ́dọọdún làgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó wà ní káńtì ẹ̀, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, á sọ nǹkan tó gbìn àti iye éékà ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà towó wá dé, éékà 2024 tó ti wà nínú ìwé ni wọ́n fi ṣírò, wọ́n tiẹ̀ bá àwọn kan kọ fọ́ọ̀mù kún kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ku kí wọ́n buwọ́ lù ú. Àwọn àgbẹ̀ náà ló ń dìbò yan ìgbìmọ̀ káńtì wọn. Mi ò ní kò lábùkù o, éékà ni wọ́n ń wò, ẹni tóko ẹ̀ bá tóbi lówó ẹ̀ máa pọ̀.

Tiwa ńkọ́? Oṣù kẹjọ 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde bílíọ̀nù 5 náírà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi ra ìrẹsì, àgbàdo àti fatiláísà. Àmọ́ ní Ọ̀ṣun níbi tá a wà yìí, ọjọ́ tọ́kọ̀ bá já nǹkan sílẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ, ẹni tó mọ èèyàn ní wọ́ọ̀dù lá kọ́kọ́ wọlé, ẹni tó gbin ewédú méjì sẹ́yìn ilé á di àgbẹ̀ ńlá, bàbá tó wà lóko lọ́nà Ìkìrun níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí, ọjọ́ tó bá gbé iṣu wá sọ́jà Ìgbọ́nà l'Óṣogbo ló máa gbọ́ pé wọ́n ti pín in tán.

Kì í sì í ṣe pé a ò lè ṣe é sha. Ní 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, wọ́n kọ àgbẹ̀ sílẹ̀, nọ́ḿbà wọlé sórí fóònù ẹ, o mú un lọ bá ẹni tó ń ta fatiláísà, ìdajì owó lo san. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dà á rú fáwọn kan, àmọ́ orúkọ wà nílẹ̀.

Kí Àbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ nísinsìnyí tí ò tíì sí owó kankan tí wọ́n ń jà sí. Fóònù ìgbàlódé lásán téèyàn mú lọ́wọ́ rìn yí oko ká ti tó láti mọ iye éékà. Ẹyọ nǹkan kan ló ń bà mí lẹ́rù: ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san, ilẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Lọ́dọ̀ àwọn Amẹ́ríkà yẹn gan-an, ẹni tó dáko lowó ń bá, kì í ṣe onílẹ̀ tó kàn ń gba owó háyà. Tí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ mú ìwé ilẹ̀ wá kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ yáa mọ̀ pé àwọn onílẹ̀ tó jókòó sí Èkó ni wọ́n fẹ́ kó o fún.