Ìbínú Kò Mọ̀ Pé Olúwa Òun Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Àwọn àgbà ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì rò pé ẹni tí apá rẹ̀ kò ká ìjà nìkan ló ń kìlọ̀ fún. Ọ̀sán Sátidé kan, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí gbọ̀ngàn àríyá kan ní Ìbàdàn, ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú olókè ni. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà dà gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀, ìgbéyàwó méjì ló sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà níbẹ̀, débi pé ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn. Mo ti yí ibẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó rí ẹni tó fẹ́ jáde. Iná funfun ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ti tàn, mo sì rí i, ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má baà gba àyè náà mọ́ mi lọ́wọ́, mo sún mọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ. Ó fi ẹ̀yìn rìn, bọ́ńpà rẹ̀ gbá iwájú ọkọ̀ mi, iná mi kan sì fọ́.

Ariwo ni mo fi bọ́ sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí n kò rí rí ni, síbẹ̀ “ìwọ” ni mo ń pè é, mo sì ń bi í bóyá ojú rẹ̀ fọ́ ni. Ó ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi.” Bí mo ti ń nàka sí i lójú ni ó ṣàdédé tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì sáré kọjá lára mi, mo sì rò pé ìjà ló fẹ́. Ọkọ̀ mi ló ń sáré lé. N kò fa bíréèkì ọwọ́ kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ti ń yí lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6, sì wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà já ilẹ̀kùn ṣí, ó fa bíréèkì, ọkọ̀ dúró.

Àre ni ẹsẹ̀ tí mo kọ́kọ́ pàdánù, nítorí mo mọ̀ nínú ara mi pé mo rí iná rẹ̀ kí n tó há a mọ́. Àfiyèsí ni ìkejì, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìbínú kì í wo ilẹ̀ kó tó fò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, mo bẹ̀ yín: bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ fa bíréèkì, ẹ pa ọkọ̀, ẹ wo àwọn tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti pọn ọ́n ní dandan kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ínṣọ́ránsì tí yóò tún ohun tí a bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn ṣe. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, 15,000 náírà ni ti ọkọ̀ ara ẹni lọ́dún, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹni tí a kọlù. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ wa ń rà á kìkì láti fi han ọlọ́pàá, tí a sì ń fi ẹ̀ṣẹ́ gba owó iná ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wa. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. “Ẹ má bínú” tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ ni obì tí n kò gbà.

Nígbà tí ẹnu mi tún ṣí, “ẹ” ni mo fi pè é. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí.” Ó bá mi ṣa àfọ́kù iná náà kúrò nílẹ̀ kí ó má baà gún táyà ẹlòmíràn, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, ó sì bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dá àwọn ọkọ̀ tó kù dúró títí mo fi wọ àyè tó fi sílẹ̀.