Bíbá Ọlọ́pàá Jiyàn Kì Í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀

Láti Kábà títí dé Ìsánlú, bí ọmọ bá ti ra ọ̀kadà, ohun tí àwọn àgbà máa kọ́kọ́ sọ fún un ni pé: “Má bá ọlọ́pàá jiyàn o. Ẹni tó bá bá wọn jiyàn, wọ́n láṣẹ láti tì í mọ́lé.” Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n mú àbúrò mi.

Ìyá kan ló ń gbé bọ̀ láti ọjà. Wọ́n dá a dúró, wọ́n béèrè ìwé ọ̀kadà, ó kó o jáde, gbogbo rẹ̀ pé. Wọ́n ní kó mú nǹkan wá. Ó ní, “Ọ̀gá, kí ni mo ṣe?” Ìbéèrè yẹn ló gbé e dé sẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí mo débẹ̀ tí mo bi wọ́n pé ẹ̀sùn wo ni wọ́n kọ sílẹ̀, ẹni tó wà ní káńtà ní ó láfojúdi.

Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń jẹ́ àfojúdi sí ọlọ́pàá nínú òfin Nàìjíríà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni dídí ọlọ́pàá lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Bí wọ́n bá ń lé olè, tí o lọ dínà fún wọn, tí o fa ìbọn mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́, tàbí tí o gbá a létí, wọ́n lè mú ọ, ó sì tọ́ kí wọ́n mú ọ. Èébú tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ bú ẹlòmíràn kí ìjà lè ṣẹlẹ̀ náà lè di ẹ̀sùn lábẹ́ Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí. Ṣùgbọ́n kí o béèrè ohun tí o ṣe, kí o ní o ò gbà, kí o ní o ò ní san owó tí kò ní rìsíìtì, kò sí èyí tó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nínú wọn.

Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ fún ọ láàárín wákàtí 24, ní èdè tí o gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan lo gbọ́, Yorùbá ni. O lè dákẹ́ títí o fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé ọ débẹ̀. Ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 tún ní wọn kò gbọdọ̀ mú ìyá nítorí ọmọ, tàbí kí wọ́n mú ènìyàn lórí gbèsè lásán. Ọ̀fẹ́ sì ni béèlì.

Kí ló wá dé tí a ò jáwọ́ nínú ìgbàgbọ́ yìí? Wọ́n kọ́ wa pé ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn, a wá gbé ẹ̀wù àgbà wọ ọlọ́pàá, kódà èyí tí a bí lójú wa. Òmíràn ni pé irú ìmúni bẹ́ẹ̀ kì í dé kóòtù. Ẹbí á dáwó, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, gbogbo ènìyàn á sì rò pé òfin ló ṣe é.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni bá ẹni tó gbé ìbọn dání fa ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà lóru. Rọra sọ̀rọ̀, jẹ́ kí wọ́n máa rí ọwọ́ rẹ, ka orúkọ àti nọ́ńbà tó wà láyà ọlọ́pàá náà, kí ilẹ̀ mọ́ kó o tó mú ẹjọ́ lọ bá ọ̀gá wọn.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n kọ “àfojúdi” sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn, kí wọ́n gbé àbúrò mi lọ sí kóòtù, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ṣì ń gun ọ̀kadà. Bí wọ́n bá dá a dúró, ó máa ń kí wọn dáadáa, lẹ́yìn náà ó á béèrè ohun tó ṣe.